Ọdún Tí Àwọn Obìnrin Ìdí-Ahùn Gbin Igi

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹta, 2025

Oòrùn òní kò láàánú rárá. Ààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí àti Lẹ́ńtì tiwa bọ́ sínú oṣù kan náà lọ́dún yìí, gbogbo abúlé ló ń rìn bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò dùbúlẹ̀ sí. Èmi náà ti pinnu pé n kò ní jẹun títí di aago mẹ́ta, mo sì ti ń wo aago láti aago mẹ́wàá.

Rùqáyyàh, opó Sódìq, wọlé tọ̀ mí wá ní nǹkan bí aago méjì. Kò jókòó. Ó ní kí n wá wo nǹkan ní ẹ̀yìnkùlé òun. Ọgọ́fà ọmọ kòkó ló tò sábẹ́ ibòji tó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tirẹ̀, tí ewé wọn ń dán. Láti oṣù Kejìlá ló ti ń bomi rin wọ́n láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Oko tí òun àti Sódìq jọ ro fún ọdún mọ́kàndínlógún ló fẹ́ gbìn wọ́n sí. Àná ni Ìyàndá, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, rí wọn. Ìyàndá ní, "Ìyàwó, gbin ẹ̀gẹ́, gbin àgbàdo, gbin ẹ̀fọ́, mi ò bá ẹ wí. Igi kọ́ o. Obìnrin kì í gbin igi sórí ilẹ̀ ilé wa."

Kì í ṣe ilé wọn nìkan. Bó ṣe rí ní gbogbo Ìdí-Ahùn nìyẹn. Ẹni tí igi rẹ̀ bá wà nílẹ̀, ilẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ní onílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́, tó bá ti wú u tán, ó di kó tún lọ tọrọ. Rùqáyyàh mọ̀ pé bí ọdún yìí bá kọjá tí igi òun kò sí lóko náà, Ìyàndá yóò gbé e fún ẹlòmíì. Òjò oṣù Karùn-ún ni kòkó ń dúró dè. Bí wọ́n bá kọjá oṣù Kẹfà nínú ọ̀rá, gbòǹgbò wọn á ti ká kò, wọn kò ní wúlò mọ́.

Ó ní, "Mọ̀ọ́mí, kí ni kí n ṣe?" Mo ní kó máa lọ, mo fẹ́ ronú. Irọ́ ni. Inú ń bí mi ju ẹni tó lè ronú lọ. Nígbà tí ọkọ tèmi kú, wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún mi, èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé abúlé yìí, mo sì dákẹ́ nítorí pé mo ní owó ìfẹ̀yìntì tí mo ń retí. Ojú rẹ̀ ń tì mí lónìí.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Èmi nìkan kò lè ṣe é. Àwa obìnrin ìjọ Áńgílíkà tó wà níbí kò ju mẹ́rìnlá lọ. Àwọn tó pọ̀ ni ti àsàlátù Alhaja Mùjíbátù, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́rin rèé tí kò sí ọ̀rọ̀ láàrin èmi àti Alhaja ju "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ kúulé" lọ.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ló dá ìjà wa sílẹ̀. Ìjọba fẹ́ fún àwọn obìnrin Ìdí-Ahùn ní ọ̀kan. Mo ní ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé ni kí wọ́n gbé e sí, Alhaja ní ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí ló yẹ ẹ́. Èmi kọ lẹ́tà, òun kó èrò dání. Nígbà tí ariwo wa sú wọn, wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ sí Erunmu. Títí di òní olónìí, Erunmu là ń ru ẹ̀gẹ́ wa lọ rin. Bí mo bá rí obìnrin tó ru agbọ̀n ẹ̀gẹ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, mo máa ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú yàrá.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta

Mo wọ bàtà láti lọ sọ́dọ̀ Alhaja. Mo tún bọ́ ọ. Ooru ni mo di ẹ̀bi rù.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta

Mo ti lọ. Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Jímọ́ tán ni. Alhaja jókòó sórí ẹní pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò yí padà nígbà tó rí mi. Ó ní, "Tísà! Ṣé ẹ̀rọ lẹ tún gbé wá ni?"

Mo kúnlẹ̀ kí i. Oṣù mélòó kan ni mo fi jù ú, ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ló fi ṣáájú mi wọ abúlé yìí bí ìyàwó, ìyàwó tó bá sì kọ́kọ́ wọlé ni àgbà. Mo ní, "Ẹ̀rọ kọ́, Alhaja. Ọ̀rọ̀ Rùqáyyàh ni."

"Mo ti gbọ́. Mo ti ń retí yín láti ọjọ́ Ajé. Mo ní bí Tísà ò bá fi wá títí ọ̀la, èmi ni n ó lọ bá wọn nílé, bí wọ́n bá fẹ́ fi pàṣán lé mi kí wọ́n fi lé mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ ohun tí òfin orílẹ̀-èdè wí nípa obìnrin àti ogún. Ó gbọ́ mi tán, sùúrù rẹ̀ sì yà mí lẹ́nu. Ó ní, "Tísà, bẹ́ ẹ bá ti dárúkọ kóòtù níwájú Baálẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

Mo ní ṣé Kùránì wá ni ká gbé lọ. Ó mi orí pé rárá. "Ìpín opó wà níbẹ̀ gedegbe, ti ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyàndá á ní ilẹ̀ ẹbí ni, pé kì í ṣe ogún Sódìq. Ẹ̀yin ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Tí mo bá gba ti Mùsùlùmí nìkan, ṣé ti Ìyá Sanmí, opó inú ìjọ yín, ni yóò wá kù síta?"

Bí a ṣe fẹnu kò nìyẹn. Baálẹ̀ àti ìgbìmọ̀ ìlú la máa lọ bá, kí wọ́n yí àṣà náà padà fún gbogbo obìnrin Ìdí-Ahùn, kí kòkó Rùqáyyàh tó kú sínú ọ̀rá. Alhaja á kó àwọn obìnrin jọ, èmi á kọ ìwé. Nígbà tí mo ń bọ̀ nílé, ó ṣe mí bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù tó ti rù láti ọdún mẹ́rin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta

Obìnrin mẹ́tàléláàádọ́ta! Inú kíláàsì kẹrin ni a ti ṣe mítìn, wọ́n ká ẹsẹ̀ kò sórí àga àwọn ọmọdé, àwọn tó sanra jókòó sórí tábìlì. Alhaja ló sọ̀rọ̀, èmi kò sọ púpọ̀, èyí tí kì í ṣe ìṣe mi. Gbogbo wọn gbà. Mo gba orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ gidi, kì í ṣe "Ìyá Lágbájá". Lọ́jọ́ Ajé wọ́n á wá tẹ̀ka.

Mo ń kọrin bí mo ṣe ń gbálẹ̀ kíláàsì.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹta

Mo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Mo to orúkọ bí mo ti ń to ti ọmọ ilé-ìwé fún ọdún márùndínlógójì: a, b, d. Mo fi rúlà fa ìlà sí i. Mo dìde níwájú wọn, mo gbóhùn sókè, mo ń kà á. Mo ka Àlíkè, mo ka Bìlíkísù, mo ka Fàtímọ́, mo sì dé orí Gbọ́njúbọ́lá. Gbogbo kíláàsì pa lọ́lọ́.

Gbọ́njúbọ́lá ni ìyálé pátápátá ní agbo-ilé àwọn Ìyàndá. Òun ló tọ́ Ìyàndá dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Láti ìgbà tí mo ti wà ní abúlé yìí, n kò gbọ́ kí ìyàwó kankan pe orúkọ yẹn rí. Ìyálé ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì kúnlẹ̀ mọ́ ọn. Bìlíkísù tí mo kà ṣáájú rẹ̀, oṣù Kẹwàá tó kọjá ni wọ́n gbé e wọlé. Òun ló ń fọ abọ́ fún un.

Ìyá àgbà náà dìde. Kò pariwo. Ó ní, "Tísà, o ṣeun. N ò mọ̀ pé Bìlíkísù ló gbà mí sílé." Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì jáde. Obìnrin mọ́kànlá tẹ̀ lé e. Bìlíkísù ló ń sunkún jù láàrin wọn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, agbo-ilé mẹ́ta mìíràn ti ránṣẹ́ pé kí n yọ orúkọ àwọn kúrò.

Ọ̀mọ̀wé ni mí, n kò mọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kẹta

N kò jáde.

Ọjọ́rú, 26 Oṣù Kẹta

Sharon ọmọ mi pè láti Ọlọ́runṣògo nígboro. Mo ròyìn fún un, ó rẹ́rìn-ín títí fóònù fi já. Ó tún pè padà, ó ní, "Mọ̀ọ́mí, ẹ wá sinmi lọ́dọ̀ wa jàre, ẹ fi àwọn ará oko sílẹ̀." Mo ní èmi náà ará oko ni. Inú bí mi sí i. Nígbà tó bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kejì ni mo tó rí i pé nǹkan ẹ̀rín ni lóòótọ́.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kẹta

Alhaja dé láàárọ̀. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n fi ibi tí orúkọ òun wà han òun. Mo fi hàn án. Ó ní, "Nọ́ńbà ọgbọ̀n ó lé kan! Èmi Mùjíbátù, Ìyá Sùnnà!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu. N kò mọ ìgbà tí èmi náà bá a rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. "Ẹ má pa wọ́n pọ̀ sójú kan, Tísà. Ta ló fẹ́ to ìyálé ilé kan mọ́ ìyálé ilé kejì? Ìjà ni. Agbo-ilé mẹ́sàn-án ló wà níbí, ẹ kọ ìwé mẹ́sàn-án. Oníkálukú ló mọ bí wọ́n ṣe wọlé lé ara wọn. Kí ìyálé kọ́kọ́ tẹ̀ka, kí ìyàwó kékeré tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn, kí ìwé má sì dárúkọ àgbà lásán."

A jọ lọ bẹ̀bẹ̀. A kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ìyálé. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ, kò wò wá. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ẹ dìde. Orúnkún Mùjíbátù ò dáa." A dìde. "Ẹ̀bẹ̀ yín, mo gbà á. Ti ìwé, mi ò tíì sọ nǹkan kan." 

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ó dára ju àná lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Kẹta

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Alhaja gbé ìrẹsì àti ẹran adìyẹ ránṣẹ́, ó ní kí wọ́n sọ fún Tísà pé Ọlọ́run kan náà ló ń gba ààwẹ̀ méjèèjì, kí n jẹun. Ọjọ́ Àìkú sì ni, kò sí ààwẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú nínú Lẹ́ńtì. Mo jẹ ẹ́ tán porogodo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹrin

Òjò àkọ́kọ́! Ó rọ̀ bí wákàtí kan, ó ṣí páànù ilé ìdáná mi kan, n kò bá a jà.

Ìwé mẹ́jọ ti pé lọ́wọ́ mi. Ìwé agbo-ilé Ìyàndá ló kù. Bí ìyẹn kò bá wọlé, asán ni mẹ́jọ tó kù, nítorí ilẹ̀ wọn gan-an là ń jà lé lórí.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Oṣù Kẹrin

Ìyàndá wá síbí. Mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin, kò sì lè bá mi sọ̀rọ̀ láì fi ọwọ́ sẹ́yìn títí di òní. Mo gbé àga fún un, ó dúró.

Ó ní, "Mọ̀ọ́mí, ẹ mọ̀ mí, ìkà kọ́ ni mí. Ẹ̀gẹ́ tí obìnrin yìí ń gbìn, ṣé mo dí i lọ́wọ́ rí? Kò tíì pé ogójì ọdún. Bó bá fẹ́ ọkọ mìíràn lọ́la, tí igi rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ bàbá mi, ṣé ọkọ tuntun ló máa wá ká kòkó níbẹ̀ ni? Ọdún mélòó la máa fi ṣẹjọ́?"

Mo fún un ní èsì tó dùn lẹ́nu mi dáadáa. Mo béèrè bóyá wọ́n máa ń gba igi lọ́wọ́ ọkùnrin tó bá fẹ́ ìyàwó kejì. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà," ó sì lọ. Ìgbà tó lọ tán ni mo rí i pé ohun tó ń bà á lẹ́rù ló wá sọ fún mi, èmi kò sì dá a lóhùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Kẹrin

Òjò ti sá lọ. Kòkó márùn-ún ti kú ní ẹ̀yìnkùlé Rùqáyyàh, ewé àwọn mìíràn ti ń pọ́n létí. Odò ti fà sẹ́yìn, ìgbà mẹ́ta lóòjọ́ ló ń pọnmi. Gàrí tún ti gbówó lórí ní Erunmu. Mo gbàdúrà fún òjò bí mo ṣe máa ń gbàdúrà fún ìdánwò àwọn ọmọ ìwé mẹ́fà.

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Kẹrin

Ajé Àjíǹde. Alhaja wá kí mi kú ọdún, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà.

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ Ìyàndá fún un. Ó ní òun ti rí ojútùú: ká béèrè pé igi tí opó bá gbìn, ti òun àti ọmọ tó bí sínú ilé náà ni, bó bá fẹ́ ọkọ síta, kí igi dúró fún àwọn ọmọ, kí ẹnikẹ́ni má sì lè ta ilẹ̀. Mo ní àbọ̀ ẹ̀tọ́ nìyẹn. Mo ní kò sí ohun tó ń jẹ́ igi tí mo gbìn tí ẹlòmíì ń bá mi ṣọ́ ọkọ tí mo máa fẹ́. Ó ní ìwé pọ̀ lórí mi jù. Mo ní ìbẹ̀rù Baálẹ̀ pọ̀ láyà rẹ̀ jù. Ohùn wa ti ń dé títì nígbà tó dákẹ́ lójijì, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Tísà, ẹ gbọ́. Ẹ̀rọ ti ń lọ sí Erunmu o!"

Ẹ̀rín pa wá. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni ó wá sí èmi àti òun lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà pé kò sí ẹni tó tíì bi Rùqáyyàh léèrè nínú wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! A ránṣẹ́ pè é.

Ó gbọ́ ti Alhaja, ó gbọ́ tèmi. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ọmọbìnrin méjì ni mo bí. Bí Zubaidah àti àbúrò rẹ̀ bá ni kòkó, èmi ni mo ni ín. Igi ni kí wọ́n jẹ́ kí n gbìn. Ti ọkọ mìíràn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ẹni tó ń wò mí ná."

Mo gbà. Kì í ṣe tinútinú ni mo fi gbà á, mo sì kọ ọ́ síbí kí ẹni tó bá ka ìwé yìí lẹ́yìn ọ̀la mọ̀ pé iṣẹ́ ṣì kù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Kẹrin

Bìlíkísù gbé àwo wá, ó fi aṣọ bò ó. Mo rò pé ẹ̀wà ni. Ìwé ni! Àtẹ̀ka ìyálé wà lókè pátápátá, ó tóbi bí ẹni pé ó fi gbogbo ara lé e. Méjìlá ló tẹ̀ lé e, ti Bìlíkísù ló kẹ́yìn. Mo jókòó sórí àkéte, mo sì sunkún díẹ̀. Ìtura ni.

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Karùn-ún

Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ kó tó yí padà lórí mi.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálẹ̀ Ọládòṣù la ti pàdé, àwọn baálé ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwa obìnrin wà nílẹ̀ lórí ẹní. Rùqáyyàh wà lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ mímí rẹ̀. Mo ti palẹ̀ ọ̀rọ̀ gígùn kan mọ́. Alhaja tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ẹ má sọ nǹkan. Ẹ jẹ́ kí ìwé sọ̀rọ̀."

Josiah, akọ̀wé ìgbìmọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Ó ka ìwé kìíní: "Àwa ìyàwó agbo-ilé Ọdẹ, láti ọ̀dọ̀ ìyálé wa títí dé orí ẹni tó wọlé kẹ́yìn." Baálé ilé Ọdẹ gbé ojú sókè, ó wá ìyá rẹ̀ láàrin wa, ìyá rẹ̀ sì ń wò ó padà. Ó ka ìkejì, baálé ilé náà tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé orí ìwé agbo-ilé Baálẹ̀ fúnra rẹ̀, Baálẹ̀ wo ilẹ̀, ó fi ọ̀pá rẹ̀ fa ìlà síbẹ̀. Nígbà náà ni mo mọ ohun tí àṣìṣe mi ṣe fún wa. Ká ní ìwé kan ṣoṣo ló wà, tí mo fi a, b, d tò, wọn ìbá ní ọ̀rọ̀ Tísà ni, wọn ìbá sì kí mi kú iṣẹ́. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Tísà mọ́. Inú ilé kálukú ló ti wá bá a.

Ìyàndá dìde. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní àṣà tí àwọn bàbá fi lélẹ̀ ni, pé ilẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ẹ̀yìn obìnrin jáde kúrò nínú ẹbí. Àwọn baálé ń mi orí sí i pé òótọ́ ni.

Ìyálé Gbọ́njúbọ́lá kò dìde. Ibi tó jókòó sí ló ti pè é. "Ìyàndá."

"Ìyá."

"Obì tó o kó lọ sí Erunmu lọ́jọ́ ọjà, igi ta ni?"

"Igi Bàbá wa ni, Ìyá."

"Ta ló gbìn ín?"

"Bàbá wa ni."

"Bàbá rẹ wà lórí àìsàn lọ́dún yẹn. Ìwọ ń rákò. Mo pọ̀n ọ́ sẹ́yìn, mo sì gbẹ́ ihò. Igi mẹ́rìnlélógún. Èmi ni mo ru omi. Nígbà tí wọ́n so, wọ́n ní obì Bàbá. Mi ò jiyàn, mo fẹ́ràn ọkọ mi. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń gbọ́ 'obì Bàbá'." Ó wo àwọn baálé lórí bẹ́ǹṣì, ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú yín tí kò ní irú igi bẹ́ẹ̀ lóko. Obìnrin kì í gbin igi! Àwa là ń gbìn ín, ẹ̀yin lẹ ń sọ ọ́ lórúkọ."

Ìyàndá jókòó, ó fi fìlà bo orúnkún rẹ̀. Ó ṣe mí láàánú, nítorí mo rí i pé kò mọ̀ rí.

Alhaja wá sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, ti igi tí yóò dúró fún wọn, àti ti ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní tà. Baálẹ̀ ní ká padà wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, kí àwọn rò ó. Gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn tí mo palẹ̀ mọ́ ṣì wà nínú báàgì mi.

Ọjọ́rú, 7 Oṣù Karùn-ún

Òjò rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ilẹ̀ ti tutù. Àkókò gan-an nìyí. Mo ń ka ọjọ́ bí ọmọ tó ń retí ìsinmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Karùn-ún

Wọ́n gbà!

Josiah ló kà á, Baálẹ̀ sì tẹ̀ka sí i níṣojú wa: láti òní lọ, obìnrin Ìdí-Ahùn, ìyá tàbí ọmọ, lè gbin igi sí ibi tó bá ń ro, òun àti ọmọ rẹ̀ ló ni igi, ilẹ̀ kì í ṣe títà. Baálé kan kò fọwọ́ sí i. Ìyàndá kọ́ ni. Ìyàndá fọwọ́ sí i, ó sì jáde láì kí ẹnikẹ́ni.

Rùqáyyàh dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ bí ọkùnrin, kò mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Alhaja ń pariwo "Àlùhámúdù lílàhì", èmi ń pariwo "Halelúyà", ìyálé sì ní kí a pa ẹnu mọ́, ká má jẹ́ kí wọ́n yí ọkàn padà.

Ìkòkò tó wà láyà mi láti oṣù Kẹta ti sọ̀ kalẹ̀. Mo sùn lọ́sàn-án, èyí tí n kì í ṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Karùn-ún

A lọ gbin kòkó. Ọgọ́fà dín mẹ́sàn-án ló yè. Obìnrin bí ogún ló wá, láti agbo-ilé mẹ́fà, àwọn kan ru ọmọ kòkó sínú agbọ̀n ẹ̀gẹ́, àwọn kan gbé ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí yóò ṣíji bò wọ́n. Èmi àti Alhaja ni wọ́n ní ká máa na okùn tí ìlà kòkó á fi tọ́, nítorí a kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́. A fa okùn náà wọ́, Bìlíkísù ló bá wa tún un ṣe.

Aago mẹ́wàá ń lù lọ nígbà tí Ìyàndá dé pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Rùqáyyàh kúnlẹ̀ kí i, "Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi." Ó dáhùn, kò dúró. Ó lọ sí igun oko lọ́hùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí gé igbó tó ti ń wọ oko láti ẹ̀bá ọ̀nà. Àwọn obìnrin wo ara wọn, a sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọkùnrin kan gun ọ̀kadà kọjá, ó rí èrò, ó dúró. Kì í ṣe ará ibí. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o! Kòkó yìí dáa o. Oko ta nìyí?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn nínú àwa obìnrin. Ó ti mọ́ wa lára láti jẹ́ kí ọkùnrin dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ìyàndá ló sún mọ́ ọn jù. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn.

Ó ní, "Oko Rùqáyyàh ni."

Ọkùnrin náà ní Ọlọ́run á jẹ́ ó so, ó sì wa ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Ìyàndá padà sídìí igbó tó ń gé. Rùqáyyàh kò gbójú sókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lórí ihò tó ń gbẹ́, ó sì pẹ́ kó tó tún mú ọ̀kan nínú agbọ̀n.